Awò olójú méjì kékeré ayé àtijọ́: báwo ni a ṣe ń fi ọ̀kan wé èkejì láì tan ara wa jẹ?

Ọ̀rẹ́-Ẹyẹ béèrè pé:

Mo kí gbogbo ilé. Bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, awò olójú méjì kékeré mẹ́ta ni ó wà lórí tábìlì níwájú mi, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní bainókúlà, kò sì sí èyí tí a lè pè ní tuntun nínú wọn. Èkíní ni Zeiss 8x20 tí ó ń ká wọlé láti ọ̀tún àti òsì títí yóò fi wọ àpò ẹ̀wù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó fi í sílẹ̀ fún mi, wọ́n sì kọ “West Germany” sí ara rẹ̀. Èkejì ni 7x26 kan tí wọ́n ṣe ní Japan, tí orúkọ ara rẹ̀ ti pa rẹ́ pátápátá, àfi lẹ́tà JB àti nọ́ńbà mélòó kan tí ó kù sí i lára. Ẹ̀kẹta ni Nikon Mikron 6x15, tí ó kéré débi pé tí mo bá dì í mọ́ ọwọ́, ẹni tí ó wà níwájú mi kò ní mọ̀ pé mo mú nǹkan kan dání.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ máa mú lọ sínú igbó tí mo bá ń lọ wo ẹyẹ. Àwọn méjì yòókù yóò máa sinmi nílé. Ìṣòro mi ni pé n kò lè fọkàn tán ìdájọ́ ara mi. Lánàá, Zeiss ni mo rò pé ó dára jù. Lónìí, 7x26 ni ó ń wù mí, bẹ́ẹ̀ sì ni orí máa ń fọ́ mi tí mo bá ti lo 7x26 náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu irú nǹkan báyìí, báwo ni ẹ ṣe ń fi awò àtijọ́ wéra tí ẹ fi ń mọ òtítọ́?

Ojú-Àwòdì dáhùn pé:

Ẹ káàbọ̀, Ọ̀rẹ́-Ẹyẹ. Kí a tó sọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ jẹ́ kí a ka nọ́ńbà tí ó wà lára wọn, nítorí nọ́ńbà náà ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Èyí tí ó ṣáájú ni iye ìgbà tí awò náà ń fa nǹkan súnmọ́ wa. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ìbú lẹ́ǹsì iwájú ní mìlímítà. Tí ẹ bá fi èyí tó ṣáájú pín èyí tó tẹ̀lé e, ẹ ó rí ìbú róbótó ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jáde síhà ojú yín. Ti Zeiss yín jẹ́ mìlímítà 2.5, ti Mikron náà jẹ́ 2.5, ti 7x26 sì jẹ́ bíi 3.7. Ẹ na awò náà síwájú títí apá yín yóò fi gùn tán, ẹ dojú rẹ̀ kọ ojú ọ̀run tí ó mọ́ (kì í ṣe oòrùn o, ẹ má fi awò kankan wo oòrùn láé, nítorí ojú tí ó bá bàjẹ́ lọ́nà yẹn kì í padà bọ̀ sípò), ẹ ó sì rí róbótó méjèèjì tí wọ́n ń tàn nínú lẹ́ǹsì ẹ̀yìn.

Ní ọ̀sán gangan, ọmọlójú ènìyàn máa ń sún kì títí yóò fi ku mìlímítà 2 sí 3. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi dára lójú yín nígbà náà: ìmọ́lẹ̀ tí kálukú wọn ń kó wá ti tó ohun tí ojú yín lè gbà. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọmọlójú á là, ó lè dé 5, kódà ó lè dé 7 fún ọ̀dọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ọjọ́ orí bá ti ń ga sí i ni kì í là tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní àkókò yẹn, róbótó 3.7 ń da ìmọ́lẹ̀ tí ó ju ìlọ́po méjì ti 2.5 lọ sínú ojú yín. Ẹni tí ó bá ń fi awò wéra ní agogo méjìlá ọ̀sán nìkan kò tíì fi wọ́n wéra rárá.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sọ. Róbótó kékeré ń béèrè pé kí ojú yín wà ní ojú ibi gan-an. Tí ẹ bá yẹ̀ díẹ̀, òkùnkùn á bo ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí awò tí ó ní ìsopọ̀ méjì tí ń ká bíi Zeiss yín, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣí lọ́gbọọgba kí ẹ tó rí nǹkan dáadáa, ẹyẹ kì í sì í dúró de ẹni tí ń tún ìsopọ̀ ṣe.

Ìràwọ̀-Alẹ́ dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n Ojú-Àwòdì ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n orí fífọ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀, nítorí kò sí ìfiwéra tí ó lè dúró lórí awò tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò wo ibi kan náà. Ó ṣeé ṣe gan-an pé prísímù kan, ìyẹn dígí onígun tí ń darí ìmọ́lẹ̀ nínú awò, ti yẹ̀ nínú 7x26 yẹn. Ojú wa lè fara dà á tí àwòrán méjèèjì bá fẹ́ kí ẹyinjú yí síra wọn díẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń ka ìwé. Agbára káká ni ó fi ń fara dà á tí wọ́n bá ní kí ó yà síta. Ṣùgbọ́n tí àwòrán kan bá ga ju èkejì lọ, iṣan ojú kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà fà á pọ̀, làálàá yẹn sì ni orí fi ń fọ́.

Ẹ wá òrùlé kan tí etí rẹ̀ tẹ́jú, tí ó jìnnà sí yín tó mítà 300 ó kéré tán. Ẹ gbé awò náà lé orí ohun tí kì í mì, bóyá àpò ìrẹsì tàbí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ sì wo òrùlé náà bí ẹ ti máa ń wò ó. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa fa orí yín sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má mú ojú kúrò lára òrùlé, títí àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ ń rí yóò fi pín sí róbótó kéékèèké méjì. Ẹ wo ibi tí etí òrùlé ti gé róbótó kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá gé ti òsì ní àárín, tí ó sì gé ti ọ̀tún nísàlẹ̀, ẹ ti rí ohun tí ń fọ́ yín lórí.

Èmi tí mo máa ń wo ìràwọ̀, ọ̀nà tèmi tún yàtọ̀ díẹ̀. Mo máa ń mú ìràwọ̀ kan tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa, n ó yí lẹ́ǹsì òsì títí ìràwọ̀ náà yóò fi dà bí ojú abẹ́rẹ́, n ó wá yí ti ọ̀tún kúrò lójú ìwọ̀n títí ìràwọ̀ náà yóò fi wú di àwo ìmọ́lẹ̀ ńlá. Ojú abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ jókòó sí àárín àwo náà. Tí ó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tàbí òsì díẹ̀, ó ṣeé fara mọ́. Tí ó bá bọ́ sókè tàbí sísàlẹ̀ àwo náà, awò yẹn nílò oníṣẹ́.

Atúnnǹkanṣe dáhùn pé:

Mo fẹ́ kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé síkúrúdíráfà. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo tú 8x30 kan nítorí eruku kan ṣoṣo tí ó wà nínú rẹ̀, eruku tí n kì í rí tí mo bá ń wo nǹkan, tí ó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i nìkan ni mo máa ń rí i. Mo yọ prísímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, mo tò wọ́n sórí aṣọ funfun ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ìgbà náà ni mo wá rántí pé n kò sàmì sí èyí tí ó wà lókè àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀, tàbí ìhà tí kálukú kọjú sí. Nígbà tí mo dì í padà, òṣùpá di méjì. Mo gbé e lọ fún ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ó gbà á sọ́wọ́ fún oṣù mẹ́ta, nígbà tí ó sì dá a padà, òṣùpá ti di ọ̀kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka àtàǹpàkò kan wà lára prísímù òsì, ó sì wà níbẹ̀ di òní olónìí.

Nítorí náà, ẹ fi eruku sílẹ̀. Eruku mélòó kan nínú awò kì í dín ohun tí a ń rí kù. Àwọn ohun tí ó yẹ kí ó bà yín lẹ́rù yàtọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti iwájú kí ẹ sì wò láti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe é ní òdì kejì. Tí ẹ bá rí okùn tín-ín-rín funfun tí ó ya ẹ̀ka bí gbòǹgbò koríko, fọ́ńgọ́sì nìyẹn, irú ohun tí ń hù lára bàtà awọ tí a tì mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Tí ó bá pẹ́ lórí dígí, ó máa ń jẹ ojú rẹ̀, fífọ̀ kì í sì í mú ojú àpá náà kúrò. Tí ẹ bá rí kùrukùru tí ó bo gbogbo ojú dígí lọ́gbọọgba, gírísì àtijọ́ ni ó ti yọ́ díẹ̀díẹ̀ di ooru tí ó fi lẹ̀ mọ́ dígí. Ìyẹn ṣeé nù. Tí ẹ bá rí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè ní etí lẹ́ǹsì iwájú, tàbí ohun tí ó dà bí ewé igi tí ó ń là, oje igi tí wọ́n fi lẹ lẹ́ǹsì méjì pọ̀ láyé àtijọ́ ni ó ti ń ya. Èmi kì í ra èyí mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá.

Ní ti ojú tí kò dọ́gba, irú awò méjì ni ó wà. Nínú àwọn kan, lẹ́ǹsì iwájú jókòó sínú òrùka méjì tí ihò wọn kò sí ní àárín gan-an, tí ó fi jẹ́ pé tí ẹ bá ń yí òrùka wọ̀nyí, lẹ́ǹsì á máa sún. Nínú àwọn mìíràn, síkúrù kéékèèké ni ó ń ti prísímù, awọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara awò ni ó sì bò wọ́n. Ẹ bi oníṣẹ́ náà bóyá ó ní ẹ̀rọ tí ó fi ń wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì béèrè bóyá yóò dọ́gba ní gbogbo ìwọ̀n tí ìsopọ̀ bá wà, yálà a ṣí i gbòòrò tàbí a pa á dé. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń tún un ṣe kí ó bá ojú ara wọn nìkan mu, tí ẹlòmíràn bá sì gbé e, yóò rí méjì.

Akóhunjọ dáhùn pé:

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí mo ní irú awò báyìí tí ó lé ní ogójì, ìyàwó mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé èyí tí yóò tún wọlé yóò bá mi sùn síta. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí wọn, torí ọjọ́ orí ni ó ń sọ ohun tí ó wà lójú dígí.

Ará Ítálì kan, Ignazio Porro, ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1854 lórí bí prísímù méjì ṣe lè dojú àwòrán tí ó dorí kodò padà sípò. Ernst Abbe àti ilé-iṣẹ́ Carl Zeiss ní ìlú Jena ni ó wá sọ ọ́ di awò olójú méjì tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé ní 1894. Láti ìgbà náà títí di àárín ọdún 1930 sí 1940, dígí lásán ni wọ́n ń lò. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọ inú dígí tàbí jáde nínú rẹ̀ ni ó ti ń pàdánù nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá nínú awò kan, ohun tí ó dé ojú yín kò ju bí ìdá 66 lọ, apá kan nínú ìyókù sì ń fò kiri nínú awò, ó ń sọ òkùnkùn di eérú. Ní 1935 ni Alexander Smakula, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Zeiss, wá ọ̀nà tí wọ́n fi lè ta ohun tín-ín-rín kan sójú dígí tí yóò dín àdánù yẹn kù. Pẹ̀lú ìtasójú ẹ̀ẹ̀kan, awò ojú mẹ́wàá kan náà á gbé bí ìdá 86 dé ọ̀dọ̀ yín. Pẹ̀lú ìtasójú ọlọ́pọ̀ ìpele tí ó dé lẹ́yìn náà, ó lè lé ní 90.

Ẹ kò nílò ìwé kankan láti mọ èyí tí tiyín jẹ́. Ẹ gbé awò náà sábẹ́ iná kan kí ẹ wo àwòrán iná náà lójú lẹ́ǹsì. Tí ó bá funfun bí ìgbà tí iná bá tàn sójú fèrèsé, wọn kò ta nǹkan kan sí i. Tí ó bá ní àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni. Tí ó bá ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí ó ṣókùnkùn, tí iná náà fúnra rẹ̀ sì rẹlẹ̀ púpọ̀, ọlọ́pọ̀ ìpele ni. Ẹ wo gbogbo iná tí ó hàn nínú ihò náà, kì í ṣe ti òkè nìkan, nítorí àwọn kan máa ń ta sí ojú òde kí wọ́n sì fi inú sílẹ̀. Èyí tí ó bá sì pupa yòò bí èédú tó ń jó, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí ẹ bá a: ṣe ni ó ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà, ohun gbogbo tí ẹ bá fi wò á sì máa ní àwọ̀ ewé.

Ní ti àmì ara wọn: lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Zeiss pín sí méjì, ọ̀kan ní Jena ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, èkejì ní Oberkochen ní Ìwọ̀-Oòrùn. Awò tí ó bá ní “West Germany” tàbí “DDR” (orúkọ Ìlà-Oòrùn Jámánì) lára ti wà ṣáájú kí orílẹ̀-èdè náà tó di ọ̀kan ní 1990. Lẹ́tà T* lára Zeiss túmọ̀ sí ìtasójú ọlọ́pọ̀ ìpele. B túmọ̀ sí pé wọ́n ro ti ẹni tí ń lo jígí ojú mọ́ ọn. Awò Japan tí ó bá ní “Occupied Japan” kò lè kọjá 1952. JB tí ó wà lára 7x26 yín ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ kan náà lè ṣe awò kan náà fún oníṣòwò mẹ́wàá, kí kálukú sì tẹ orúkọ tirẹ̀ sí i, nítorí náà orúkọ tí ó pa rẹ́ yẹn kì í ṣe àdánù ńlá. Ní ti Mikron, Nippon Kogaku ti ń tà á láti 1921, ilé-iṣẹ́ náà kò sì di Nikon Corporation títí di 1988, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ jáde lẹ́yìn ìgbà náà, tí ó fi jẹ́ pé ìrísí nìkan kò tó láti fi pè é ní àtijọ́.

Ìdájọ́ tèmi kò ṣòro: Zeiss ni kí ẹ mú dání. Orúkọ kì í dédé dé ibi tí ó dé.

Ojú-Àwòdì tún dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n Akóhunjọ, mo bọ̀wọ̀ fún ogójì awò yín, ṣùgbọ́n n kò lè gba gbólóhùn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yẹn. Zeiss 8x20 ń lo prísímù tí ó rí bí òrùlé, tí ojú méjì pàdé ní òkè rẹ̀. Irú prísímù yìí ni ó jẹ́ kí awò náà tọ́ gbọnrangandan kí ó sì kéré, ṣùgbọ́n ó ní gbèsè tirẹ̀. Ó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì ní orí òrùlé yẹn, tí méjèèjì bá sì tún pàdé, ìgbì wọn kì í bára wọn mu mọ́, ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun á dín kù. Ní 1988 ni Zeiss wá ojútùú sí i, wọ́n sì fi lẹ́tà P sàmì rẹ̀. Èyí tí ó bá ti wà ṣáájú ọdún yẹn kò ní in. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀kan nínú ojú prísímù yẹn gbọ́dọ̀ ní dígí ẹ̀yìn bíi ti jígí tí a fi ń wojú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ tún ti ń sọnù díẹ̀.

Prísímù Porro tí ó wà nínú 7x26 àti Mikron kò ní ìṣòro méjèèjì wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú 7x26, wọ́n kàn yí i sínú ni, tí lẹ́ǹsì iwájú méjèèjì fi súnmọ́ra ju lẹ́ǹsì ẹ̀yìn lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi kéré, ìdí nìyẹn náà tí ó fi dára láti wo labalábá tí kò jìnnà. Bí orúkọ ti wù kí ó tóbi tó, awò olówó pọ́ọ́kú tí ó wà ní ipò pípé lè fi ìran tí ó dára ju ti awò ńlá tí fọ́ńgọ́sì ti jẹ hàn yín.

Akóhunjọ fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ prísímù yẹn wọlé. Mo gbà pé kí Ọ̀rẹ́-Ẹyẹ kọ́kọ́ wá P lára tirẹ̀ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dájú pé yóò rí i. Ṣùgbọ́n ẹ kò rí bí awò yẹn ṣe ń dùn mọ́ni lọ́wọ́.

Onígíláàsì béèrè pé:

Ẹ dákun, mo rí awò kékeré idẹ kan tí wọ́n fi ìkarahun dídán bò lára, ẹni tí ń tà á ní ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣé èyí náà wà nínú ohun tí ẹ ń sọ? Jígí ojú ni mo máa ń lò.

Ìràwọ̀-Alẹ́ dáhùn pé:

Awò ilé eré orí ìtàgé ni ìyẹn. Kò ní prísímù. Lẹ́ǹsì méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni, bí Galileo ti ṣe tirẹ̀, kì í sì í fa nǹkan súnmọ́ ju ìlọ́po 2 sí 4 lọ. Ìran inú rẹ̀ há bí ẹni ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ rà á tí ẹwà rẹ̀ bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má retí ẹyẹ nínú rẹ̀. Ní ti jígí ojú, púpọ̀ nínú awò kékeré àtijọ́ ń fẹ́ kí ojú súnmọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí, nítorí náà ẹni tí kò bá lè bọ́ jígí rẹ̀ yóò rí àárín ìran nìkan. Ẹ fi jígí yín wò ó kí ẹ tó sanwó.

Ojú-Àwòdì tún dáhùn pé:

Ọ̀rẹ́-Ẹyẹ, n kò tíì dá ìbéèrè yín gan-an lóhùn. Bí mo ṣe ń fi wọ́n wéra nìyí. Mo máa ń kọ́kọ́ tún ojú kọ̀ọ̀kan ṣe fún ara mi: n ó bo lẹ́ǹsì iwájú ọ̀tún, n ó fi kẹ̀kẹ́ àárín mú àwòrán òsì já gaara, n ó wá bo ti òsì, n ó fi òrùka ọ̀tún mú ti ọ̀tún já gaara láì fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àárín mọ́. Ẹni tí kò bá ṣe èyí ń fi ojú ara rẹ̀ wéra ni, kì í ṣe awò.

Lẹ́yìn náà, mo máa ń lẹ ojú ìwé ìròyìn mọ́ ògiri ní nǹkan bí mítà 20, n ó gbé awò kọ̀ọ̀kan lé ibi kan náà, n ó sì kọ ìlà tí ó kéré jù tí mo lè kà sílẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ gbé e lé nǹkan, nítorí ọwọ́ gbígbọ̀n ń jẹ 8 ju bí ó ti ń jẹ 6 lọ. Ẹ wá tún ṣe é láì gbé e lé nǹkan kan, ẹ ó rí i pé ẹni tí ó kọ́kọ́ borí lè wá dẹni ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹ̀ka igi gbígbẹ tí ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, bóyá etí ẹ̀ka náà ní àwọ̀ àlùkò tàbí àwọ̀ ewé. Ẹ wo iná òpópónà lálẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí etí ìran, bóyá iná kejì tí kò sí níbẹ̀ yóò yọjú.

Ní ti fífẹ̀ ìran, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà oríṣiríṣi dà yín láàmú. Dìgírì 1 jẹ́ nǹkan bí mítà 17.5 ní ìwọ̀n mítà 1000, ó sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 52.5 ní ìwọ̀n yáàdì 1000. Tí wọ́n bá kọ ẹsẹ̀ bàtà 367 sí ara 7x26 yín, dìgírì 7 nìyẹn.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ fi wọ́n wéra láàárín ìdajì wákàtí tí oòrùn bá wọ̀ tán. Ẹ yan ohun kan tí kò ní rìn, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tí ó pòórá nínú awò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́-Ẹyẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo wo òrùlé bí Ìràwọ̀-Alẹ́ ti wí: nínú 7x26, etí òrùlé gé róbótó òsì ní àárín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú róbótó ọ̀tún rárá. Mo gbé e fún oníṣẹ́ kan tí ó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n, orí kò sì fọ́ mi mọ́ láti ìgbà náà. Zeiss mi kò ní P. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀, kò sí okùn kankan, kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni ó wà nínú ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú àpò awọ tí ó ti wà láti ìgbà ayé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, torí mo ṣàkíyèsí pé awọ náà ní òórùn ọ̀rinrin.

Lórí ìwé ìròyìn, nígbà tí mo gbé wọn lé nǹkan, Zeiss ka ìlà tí ó kéré jù. Nígbà tí mo fi ọwọ́ lásán mú wọn, Zeiss àti 7x26 jọ dọ́gba, Mikron sì wà lẹ́yìn wọn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìran rẹ̀ fẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni ó dájọ́. Mo dojú wọn kọ pákó kan tí wọ́n kan mọ́ ara igi, tí wọ́n kọ nọ́ńbà funfun sí. Mikron ni ó kọ́kọ́ pàdánù nọ́ńbà náà. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ó di àbààwọ́n nínú Zeiss. Nínú 7x26, mo ṣì ń kà á fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá sí i, n kò sì wá ojú ibi tí ó yẹ kí n fi ojú sí rárá, ṣe ni mo kàn gbé e sójú. 7x26 ni yóò máa bá mi lọ sínú igbó.

Atúnnǹkanṣe béèrè pé:

Ó dára gan-an. Ǹjẹ́ ẹ ti jẹ́ kí ẹlòmíràn fi 7x26 náà wò, ẹni tí àárín ojú rẹ̀ kò fẹ̀ tó tiyín?

Ọ̀rẹ́-Ẹyẹ fèsì pé:

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán mi létí ni. Mo gbé e fún àbúrò mi obìnrin nísinsìnyí. Ó pa ìsopọ̀ rẹ̀ dé díẹ̀ kí ó lè bá ojú rẹ̀ mu, ó wo òrùlé ọ̀kánkán, ó sì bi mí pé kí ló dé tí ilé náà fi ní òrùlé méjì. N ó dá a padà fún oníṣẹ́ náà ní ọjọ́ Ajé.